Gíríìnì Tí Mo Ro Kanlẹ̀

Èmi ni mo ro ó. Àwọn kan ní Ọ̀wọ̀ ń sọ pé ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, àwọn mìíràn ní ọ̀dá ló pa á. Irọ́ ni. Èmi ni mo gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, inú mi sì dùn bí mo ṣe ń ro ó.

Ọdún 1980 ni. Ọkọ mi, Isaiah, ló ń tọ́jú pápá gọ́ọ̀fù tó wà lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Ifon. Àwọn òyìnbó tó wá ṣe títì ló la pápá náà. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ tí wọ́n lọ, àwọn dókítà, àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ihò mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù á fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré láti òkèèrè títí yóò fi dé ìtòsí ihò, ibẹ̀ ni yóò wá ti rọra tì í wọlé. Ìtòsí ihò yẹn ni wọ́n ń pè ní gíríìnì. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú kí bọ́ọ̀lù lè yí lórí rẹ̀.

Mẹ́jọ nínú gíríìnì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kò ní koríko kankan. Iyanrìn ni, tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ó ń rùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ẹyọ kan tó kù, ti ihò kẹsàn-án níwájú ilé ẹgbẹ́, koríko bàhámà ni. Isaiah ló gbìn ín. Òyìnbó kan fún un ní ìdì koríko kan kó tó lọ sílé, Isaiah gbìn ín, ó ń gé e, ó ń yí dúróòmù tó kún fún omi lórí rẹ̀ kó lè tẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó rán an.

Nílé, bó bá ti jẹun tán, ọ̀rọ̀ koríko yẹn ni. Monica, ọmọ wa obìnrin tó wà nílé ìwé ní Àkúrẹ́, máa ń sọ fáwọn èèyàn pé òun ní àbúrò kan tó ń gbé lójú ọ̀nà Ifon.

Òjò tètè dé lọ́dún yẹn, gbégi sì bá a dé. Ẹ mọ gbégi. Ojú ọ̀nà ló máa ń hù sí, ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó funfun, gbòǹgbò rẹ̀ a sì di ilẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n kàn án níṣòó. Bí bọ́ọ̀lù bá ń yí bọ̀ lórí gíríìnì tó bá kan ìdí gbégi kan, ẹ̀gbẹ́ ló ń fò sí.

Bọ́ọ̀lù alága ẹgbẹ́ fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá ni alága náà, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba. Ó pe Isaiah, ó ní, "Isaiah, ìlọsíwájú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dé èbúté ògo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

Isaiah ní, "Kí ni kí n ṣe, sà?"

Alága sọ̀rọ̀ síwájú sí i. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni Isaiah tó mọ̀ pé ohun tó ń wí ni pé, bí gbégi kò bá kúrò kó tó di òpin oṣù kẹfà, ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún ife ẹ̀yẹ, àwọn máa da iyanrìn àti ọ́ìlì sórí kẹsàn-án náà. Ó lè fi gbólóhùn kan sọ ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ Isaiah wú. Sòbìà ni, kòkòrò gígùn tó máa ń yọ jáde lára èèyàn. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí a mu nínú oko mi ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn ló fà á. Ó bẹ́ lókè ọrùn ẹsẹ̀, ọkọ mi kò sì lè tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ mọ́, ká má tíì sọ pé yóò lọ kúnlẹ̀ sórí pápá.

Èmi ni mo ń fà á fún un. Láràárọ̀ mo máa ń fi omi gbígbóná fọ ojú egbò náà, màá fi ewé olúgànbe lé e, màá wá mú orí kòkòrò náà, màá ká a mọ́ igi ìṣáná, màá yí i díẹ̀. Bó bá ti ń fà padà, màá dúró, màá so ó mọ́ ẹsẹ̀, ó di ọjọ́ kejì. Bó bá já sínú, ẹsẹ̀ náà lè bàjẹ́. Ìyá mi ló kọ́ mi. N kò jẹ́ kó já rí lọ́wọ́ mi.

Orí ẹní ni Isaiah wà, tó ń ronú gbégi. Ó sọ fún mi bí òun ṣe ń yọ ọ́. Ọ̀bẹ kékeré kan tó pọ́n títí tó fi tín-ín-rín ló ń lò. Á tì í bọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí gbégi kan, á gé gbòǹgbò nísàlẹ̀, á fà á jáde, á fi iyanrìn dí ihò rẹ̀ kí bàhámà lè bò ó. Ó di òmíràn.

Mo ní, "Bàbá Monica, mélòó lẹ ń yọ lójúmọ́?"

"Tó ọgbọ̀n."

"Èyí tó ń hù lójúmọ́ ńkọ́?"

"Ó ju ọgbọ̀n lọ."

"Á jẹ́ pé ó ń ṣáájú yín nìyẹn."

Ó ní, "Ó máa ń rẹ òun náà."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sì rò pé àìmọ iṣẹ́ oko ni. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀bẹ ro ilẹ̀. Mo pinnu pé màá bá a ṣe é, n kò sì ní sọ fún un títí màá fi ṣe é tán.

Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Cecilia. Obìnrin tó ní agbára ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọkọ́ rẹ̀ lọ. A dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Àǹtí Cecilia dúró, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wo gíríìnì náà yíká.

Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ibi tí àbúrò mi ń fi ọ̀bẹ ro nìyí?"

"Ibẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ọ̀bẹ." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Bàbá wa fi ọkọ́ ro oko kòkó mẹ́rin. Ó wá bí ọmọ tó ń fi ọ̀bẹ ro ibi tí kò tó àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì."

Gbégi wà káàkiri láàrin bàhámà, wọ́n wé mọ́ra wọn. Mo fi ọwọ́ fa ọ̀kan, ewé nìkan ló já. Mo béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Cecilia pé báwo la ṣe máa ṣe bàhámà.

Ó ní, "Ta ló rí bàhámà tó kú rí? Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń ro ó nínú ẹ̀gẹ́ mi. Bí a bá ro ó lónìí, yóò kí wa káàárọ̀ lọ́la."

Òótọ́ ni. Kò sí àgbẹ̀ tí bàhámà kò tíì ṣe níkà. Bí koríko bá sì bá irè wé mọ́ra lóko, ńṣe là á ro gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, a ó jẹ́ kí oòrùn pa gbòǹgbò rẹ̀, èyí tó dára á tún hù. Bí a ṣe bá a nìyẹn. A ro ó. Nígbà tó di ọ̀sán, kò ku ewé kan. A kó gbogbo rẹ̀ dà sábẹ́ igi kajú létí igbó. Mo mú ọwọ̀ kan lẹ́bàá ilé ẹgbẹ́, mo gbá ilẹ̀ náà, mo fi ọwọ̀ fa ìlà sí i bí mo ṣe máa ń ṣe sí iwájú ilé mi láràárọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ilé tí koríko bá hù níwájú rẹ̀, onílé ti kú tàbí ó ti sá lọ. Mo bojú wẹ̀yìn wò ó nígbà tí a ń lọ. Ó mọ́. Ó mọ́ débi pé mo fẹ́ kí Isaiah ti wà níbẹ̀.

Mo délé, mo bá a tó ń mu ògì.

Mo ní, "Bàbá Monica, mo ti bá yín ṣe é."

"Kí lo ṣe?"

"Gbégi. Kò ku ẹyọ kan."

Ojú rẹ̀ là. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó jókòó dáadáa. "Kò ku ẹyọ kan? Ọjọ́ kan? Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Èmi àti Àǹtí Cecilia ni. A fi ọkọ́ ro ó."

Ó gbé ife ògì sílẹ̀. "Bàhámà ńkọ́?"

"Yóò hù."

Ó wá ní, "Lábísí." Láti ọjọ́ tí mo ti bí Monica, kò tíì pe orúkọ mi rí. "Lábísí, ṣé o tún gbá ilẹ̀ rẹ̀ ni?"

"Mo gbá a."

Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fa sòbìà. Mo mú igi ìṣáná, mo ń yí i.

Ó ní, "Rọra."

"Mo ń rọra."

"Kí ló dé tí o kò fà á tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká lè sinmi?"

"Ẹ mọ̀ pé á já."

"Mo mọ̀," ó ní. "Bí gbégi ṣe rí nìyẹn. Èyí tí ẹ ro, irúgbìn rẹ̀ ti gbọ̀n sílẹ̀, ẹ sì ti tú ilẹ̀ fún un. Bàhámà ló ń bo ilẹ̀ mọ́ ọn lórí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, kò sẹ́ni tí yóò bò ó."

Mo so igi ìṣáná mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ kó tó sọ ọ́ tán, nítorí ọwọ́ mi ṣì wà lórí òwú tí mo fi so kòkòrò náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, alága wá kí i. Inú rẹ̀ dùn. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí a ní, ó ní, "Isaiah, mo ti rí i. O ti pèsè ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ ọ̀la. Ìrẹ̀lẹ̀ ni ọ̀nà tí ọlọ́gbọ́n ń gbà. Lọ́rì iyanrìn ń bọ̀ lọ́la, ọ́ìlì náà á tẹ̀ lé e."

Ó rò pé Isaiah ti gbà. Isaiah sì ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ohùn tó fi sọ ọ́ kò wọ̀ mí létí.

Mo ní, "Sà, kì í ṣe òun. Èmi ni mo ro ó. Mo ṣì í ṣe ni."

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó, nínú àṣìṣe ni oore máa ń gbà yọjú sí ọmọ aráyé."

"Sà, èyí kò yé mi. Ṣé ẹ máa da ọ́ìlì síbẹ̀ ni?"

"A máa dà á."

"Òpin oṣù kẹfà lẹ sọ fún ọkọ mi. Oṣù kẹrin la wà. Ṣé ẹ ti yí i padà?"

"N kò yí i padà, àmọ́ ilẹ̀ náà ti ṣófo."

"Ẹ jẹ́ kó ṣófo di òpin oṣù kẹfà. Bí bọ́ọ̀lù yín kò bá yí lórí koríko lọ́jọ́ náà, ẹ da ọ́ìlì. Èmi fúnra mi á bá yín rù ú."

Alága wo Isaiah. "Ṣé bí ìyàwó rẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí?"

"Bí mo ṣe bá a nílé wọn nìyẹn, sà," Isaiah dáhùn.

Alága gbà. Ṣùgbọ́n ó ní iyanrìn náà máa dé, á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dà á sílẹ̀ níwájú ilé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ajé, òkìtì ńlá kan, pẹ̀lú dúróòmù ọ́ìlì méjì, kí ẹnikẹ́ni má ba à gbàgbé.

Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Mo lọ wo òkìtì koríko tí a dà sábẹ́ igi kajú. Ó ti yọ ewé tuntun. Àǹtí Cecilia kò parọ́, bàhámà kì í kú. Mo sáré wálé, mo sọ fún Isaiah, ó ní kí n gbé òun lọ síbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ la ní, kò sì lè gùn ún. Mo gbé e jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń tì í lọ láàrin ìlú. Fàsásì tó ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá títì pè mí.

"Lábísí, ibo lò ń gbé ẹrù yẹn lọ?"

"Ọjà."

"Èló ni?"

"Ẹ ò lè rà á. Ẹsẹ̀ kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀."

Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Isaiah ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí mo ti ro gíríìnì rẹ̀.

Àǹtí Cecilia ti wà níbẹ̀. A gbé e jókòó sábẹ́ igi kajú, ẹsẹ̀ lórí àpótí. Ó fi hàn wá bí a ṣe máa yọ okùn bàhámà kúrò lára gbégi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi àti Àǹtí Cecilia fi ṣà á. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà kò sì dúró. A dáná sun gbégi.

Nígbà tó ku gbígbìn, mo bẹ ọ̀wẹ̀. Obìnrin mọ́kànlá ló wá láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, àwọn tí mo ti bá ro oko tiwọn rí. Veronica ló ṣáájú wọn, tí oko rẹ̀ bá temi pààlà. Mo sọ fún wọn pé koríko la fẹ́ gbìn.

Veronica wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, koríko ni mò ń ro. Lónìí mo wá gbìn ín. Lábísí, ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ sìn?"

"Ọkọ mi ni mò ń sìn."

"Òun ló ń jẹ ẹ́?"

"Òun ló ń wò ó."

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbìn ín. A gé okùn bàhámà sí ìwọ̀n ìka ọwọ́, a la ojú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, a tẹ́ ẹ sínú rẹ̀ bí ìtàkùn ànàmọ́, a fi iyanrìn bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a yí dúróòmù omi kọjá lórí rẹ̀. Mo gún iyán fún wọn, wọ́n lọ. Iyanrìn alága la lò. Nígbà tó rí i pé òkìtì rẹ̀ ń kéré, ó béèrè. Mo ní, "Gíríìnì lẹ ní ẹ rà á fún, sà. Gíríìnì la lò ó fún."

Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá ti fa sòbìà tán láàárọ̀, mo ń mú ọ̀bẹ tín-ín-rín yẹn, mo ń lọ. Gbégi hù gẹ́gẹ́ bí Isaiah ṣe wí, bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ fọ́n ọn. N kò dúró kó di ìdí funfun. Bó bá ti yọ ewé méjì ni mo ń yọ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mo yọ ọgọ́rùn-ún, mo dákẹ́ kíkà. Ẹ̀yìn dùn mí. Orúnkún mi bó. Nígbà míì mo máa ń bú gbégi náà sókè. Kò sí ohun tó ń sọ.

Láàrin oṣù karùn-ún, sòbìà jáde tán lódindi. Ó gùn ju apá mi lọ. Isaiah bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi lọ, ó ń tiro. Àwa méjèèjì á kúnlẹ̀, òun láti apá ìlà oòrùn, èmi láti apá ìwọ̀ oòrùn, a ó máa bọ̀ wá pàdé. Lọ́jọ́ kan a pàdé ní àárín, ó wo ibi tí mo ti gbà wá.

Ó ní, "Màmá Monica, o fi ẹyọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn."

Mo yíjú padà, mo yọ ọ́. N kò jẹ́ kó rí ojú mi, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń jẹ́ Lábísí.

Mo ní, "Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ báyìí o. Gbégi."

"Mo sọ fún ẹ."

Ọjọ́ ife ẹ̀yẹ dé. Bàhámà ti bo ilẹ̀. Ó ṣì fẹ́lẹ́ níbì kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ó bò ó, Isaiah sì ti gé e mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dúró yíká. Èmi àti Àǹtí Cecilia dúró lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróòmù ọ́ìlì. Mo ti wọ aṣọ iṣẹ́, nítorí mo ti sọ pé èmi á bá wọn rù ú.

Alága gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó tì í. Ó yí lọ tààrà, ó ń lọ sí ihò. Nígbà tó ku bí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó yà sí òsì, ó kọjá lọ.

Alága bẹ̀rẹ̀, ó ń wá gbégi. Kò rí. Ó tún un ṣe, bọ́ọ̀lù tún yà níbì kan náà.

"Isaiah, kí ló wà níbí?"

"Kòtò kékeré kan ni, sà," Isaiah ní. Ó sún mọ́ ibẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. "Ibi tí ìyàwó mi ti ro ó jù."

Gbogbo wọn bojú wẹ̀yìn wò mí. Àǹtí Cecilia sọ fún mi lábẹ́lẹ̀ pé òun ló ro apá ibẹ̀, kí n má sọ. N kò sọ.

Alága dúró pẹ́. Ó wo kòtò, ó wo ihò. Ó gbé bọ́ọ̀lù kẹta sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọjú sí ihò. Apá ọ̀tún ló kọjú sí, bí ẹni tó fẹ́ ṣì í. Ó tì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bọ́ọ̀lù gba ọ̀tún lọ, ó dé kòtò, ó tẹ̀ wá sí òsì díẹ̀díẹ̀, ó dé ẹnu ihò, ó wọlé.

Ọkùnrin náà fò sókè. Ó ní, "Ó wọlé."

Mo retí kó sọ nǹkan mìíràn lé e. Kò sọ. Ó kàn ń wo ihò náà, tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n yí dúróòmù ọ́ìlì méjèèjì lọ síbi ihò kẹrin.

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí. Gbégi ṣì ń hù, inú kòtò yẹn ló sì ti ń kọ́kọ́ yọjú nígbàkígbà tí òjò bá dé, nítorí omi máa ń dúró níbẹ̀. Mo máa ń bá Isaiah lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ọ̀bẹ tèmi. Iyanrìn agbọ̀n kan ti tó láti dí kòtò náà, mo sì ti sọ fún un.

Ó ní òun á dí i. Ó ń dí gbogbo ihò tí gbégi bá fi sílẹ̀ lórí gíríìnì yẹn, títí dé èyí tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ti kòtò mi, ọ̀la ló máa ń sọ.